Alángbá àti Ọmọ Bàbá Tí Kì Í Gba Ọpẹ́

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, àwọn àgbà ní bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ pe ẹni tó ń ṣoore tí kì í jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun? Irú bàbá bẹ́ẹ̀ ló bí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Kọ́kọ́rọ́ ni bàbá náà ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Bí ẹni tí ìlẹ̀kùn há mọ́ta bá sáré wá pè é, á bá a lọ, á sì ṣí i kí onítọ̀hún tó nu òógùn ojú tán. Àmọ́ tí wọ́n bá ti la ẹnu pé, "Bàbá, mo dúpẹ́ o," ojú rẹ̀ á le koko. "Máa lọ sílé," ni yóò wí, á sì kẹ̀yìn sí wọn. Àwọn oníbàárà rò pé ìgbéraga ni. Ọmọ rẹ̀ gan-an ò mọ ohun tó fà á. Ohun tó kàn mọ̀ ni pé ọpẹ́ kì í wọ ilé àwọn.

Iṣẹ́ ọmọ náà wà ní òkè téńté ilé gogoro tó ga jù láàárín ìlú, nínú yàrá onígíláàsì tí àwọn àlejò máa ń gba tíkẹ́ẹ̀tì gùn wá láti wo gbogbo ìlú láti òkè. Ó yẹ kí wọ́n máa wo odò, kí wọ́n máa wo afárá, kí wọ́n máa wo bí ọkọ̀ ṣe ń rìn bí èèrà nísàlẹ̀. Rárá o. Bí wọ́n bá ti jáde nínú lífìtì báyìí, ìbéèrè kan náà ni: "Ilé mi dà?" Òun á sì nàka: "Ẹ wò lọ́hùn-ún, lẹ́yìn òrùlé pupa yẹn." Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, apá ọ̀tún á ti máa ro ó. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Wolọ́hùn-ún nìyẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́ náà, bàbá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kẹrin ló tó la ẹnu. "Igi gogoro má gún mi lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ, àmọ́ má pè mí wá síbẹ̀ láéláé." Wolọ́hùn-ún mọ̀ pé bàbá òun wà lára àwọn tó so irin ilé gogoro náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ohun tó mọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àga bàbá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ló kọ sí ilé náà.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan lọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àlejò ò tíì pọ̀. Wolọ́hùn-ún mú aṣọ, ó ń nu àpá ọwọ́ àwọn ọmọdé kúrò lára gíláàsì. Ó kan àbàwọ́n kan lápá ibi tó kọjú sí odò, kékeré, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Ó nù ún, kò lọ. Ó mí sí i, ó tún nù ún, kò lọ. Ibi tó ti ń bá a jà ló ti rí bàtà méjì tó ń sọ̀ kalẹ̀ látòkè níta. Orúnkún tẹ̀ lé bàtà, bẹ́líìtì ńlá tẹ̀ lé orúnkún, lẹ́yìn náà ni odindi ọkùnrin kan tó dé akoto pupa rọ̀ sójú rẹ̀ lórí okùn. Ọ̀kan lára àwọn tó ń fọ gíláàsì láti ìta ni.

Ọkùnrin náà rí àbàwọ́n. Ó fi ọṣẹ sí i, ó fi rọ́bà fà á, kò lọ. Ó wo Wolọ́hùn-ún, ó sì nàka sí i pé ọ̀dọ̀ tìrẹ ló wà. Wolọ́hùn-ún mi orí, ó nàka padà: ọ̀dọ̀ tìrẹ ni. Ọkùnrin náà gbé imú lé gíláàsì, ó wò ó pẹ́, ó tún nàka. Inú bí Wolọ́hùn-ún. Ó fi aṣọ gbo ibẹ̀ bí ẹni ń gbo ìkòkò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì hàn án pé ṣé o rí i, ó mọ́ níbí. Gíláàsì náà nípọn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn ẹnìkejì, síbẹ̀ ìjà ọ̀hún le.

Ìyá àgbàlagbà kan tó wá wòran bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀wọ́ o, ọdún mélòó lẹ̀yin méjèèjì ti fẹ́ra yín?"

Etí Wolọ́hùn-ún gbóná. Nígbà tó fi máa wẹ̀yìn, okùn ti gbé ọkùnrin náà lọ sísàlẹ̀.

Lọ́sàn-án, ní ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, ẹnì kan gbé àwo oúnjẹ wá dúró síwájú tábìlì rẹ̀. Kò dé akoto mọ́, ṣùgbọ́n ojú náà ni.

"Ìwọ ni aláìmọgíláàsìínù," ọkùnrin náà wí.

"Ìwọ lo fi ìka gún mi lójú níwájú àlejò," Wolọ́hùn-ún dá a lóhùn.

"Mo wá tọrọ àforíjì ni. Mo padà lọ wò ó látẹ̀gbẹ́. Gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, àárín ló wà. Kò sí lọ́dọ̀ rẹ, kò sí lọ́dọ̀ mi."

Wolọ́hùn-ún ronú sí i. "Nígbà náà a ò lè nù ún láéláé?"

"Láéláé. Bí mo bá ti ń kọjá níbẹ̀, a máa ní láti jà ni." Ó fa àga, ó jókòó. "Wọ́n ń pè mí ní Alángbá. O mọ ìdí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè ni okùn Alángbá máa ń gba apá ibi tó kọjú sí odò. Bí ó bá ti dé ibi àbàwọ́n, á fi rọ́bà kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, Wolọ́hùn-ún á sì fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta nínú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ kíkankíkan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọjọ́ náà á sì gùn bí ọdún. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí Wolọ́hùn-ún ń ṣe láàárọ̀ ni kó ṣí fèrèsé, kó wo ewé igi bóyá ó ń mì.

Àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ló kọ́kọ́ fura. Onídìrí ni Àǹtí, kò sì sóhun tí onídìrí kì í rí. "Láti ìgbà wo lo ti di ẹni tó ń kí ewé kó tó kí ènìyàn?" ló bi í. Wolọ́hùn-ún rẹ́rìn-ín títí, kò fèsì, Àǹtí sì rí èsì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan Wolọ́hùn-ún bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ̀rù kì í bà ọ́ lókè yẹn?"

"Ó ń bà mí lójoojúmọ́," Alángbá wí. "Wo bá a ṣe ń ṣe é. Èmi ni mo ń so okùn mi, àmọ́ n kì í gba ojú ara mi gbọ́. Ẹni tó so nǹkan, ojú rẹ̀ máa ń parọ́ fún un. Ẹnìkejì mi ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Màá bi í pé, 'Ṣé o ti wò ó?' Òun á ní, 'Mo ti wò ó.' Èmi á ní, 'Mo dúpẹ́.' Bí gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá pé, ẹsẹ̀ mi ò ní kúrò lórí òrùlé."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Àwọn tó kọ́ ilé náà ló fi sílẹ̀ fún wa. Ó ti wà kí n tó dé."

Oṣù kẹjọ tí wọ́n ti mọ ara wọn, lórí bẹ́ǹṣì ilé oúnjẹ, Alángbá ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "N ò fẹ́ kí gíláàsì wà láàárín wa mọ́," ó wí. "Mo fẹ́ ká wà nínú ilé kan náà, ká máa jà ní àjàgbọ́hùn." Wolọ́hùn-ún ò díbọ́n pé òun ń rò ó. "Bẹ́ẹ̀ ni" ló wí, ojú ẹsẹ̀ ni, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Láti kékeré, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ nínú ilé wọn. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé ọpẹ́ lè pọ̀ nínú ènìyàn tí kò ní mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Ó ku bàbá. Àǹtí ní òun ni yóò ṣe alárinà. Obìnrin yìí ò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àmọ́ ta tún ni wọ́n fẹ́ rán? Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó yìn ín, ó yin kọ́kọ́rọ́, ó yin àgádágodo, lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ọmọ ti rí ẹni tó fẹ́.

"Kí niṣẹ́ rẹ̀?" bàbá bi í. Ó ń fi fáìlì ha eyín kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Ó ń nu fèrèsé, Ẹ̀gbọ́n."

"Fèrèsé ibo?"

"Fèrèsé tó ga díẹ̀."

"Báwo ló ṣe ga tó?"

Àǹtí wo òrùlé ṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Bàbá gbé fáìlì sílẹ̀. "Okùn ni."

"Okùn tó nípọn ni o, Ẹ̀gbọ́n! Ó tó ọwọ́ mi yìí!"

"Rárá," ni bàbá wí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ délé, ó tún un sọ fún un lójú: "N ò ní fa ọmọ mi fún ẹni tó ń rọ̀ sórí okùn. Mo mọ bó ṣe ń parí. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ kó o láyọ̀. Mi ò fẹ́ kó o di opó ni."

Àǹtí ló sọ ìyókù fún Wolọ́hùn-ún nígbà tó ń di irun rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń so irin lókè ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà jábọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá rẹ ti fi iṣẹ́ irin sílẹ̀, o ò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Fara balẹ̀ fún un."

Wolọ́hùn-ún sọ ọ́ fún Alángbá. "Màá sọ̀ kalẹ̀ pátápátá," ni Alángbá wí. "Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa nu ilẹ̀ nísàlẹ̀. Ilẹ̀ kì í jábọ́."

Ó fi ṣàwàdà, àmọ́ Wolọ́hùn-ún rí ojú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sílé, ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Bí mo bá gbà kó sọ̀ kalẹ̀, ṣé ẹni tó bá mi jà lójú gíláàsì ni màá fẹ́, àbí ẹlòmíì? Bí n kò bá sì gbà, ṣé èmi náà ò ní di ẹni tó ń kọ ẹ̀yìn sí ilé gogoro, tó ń bẹ̀rù kí fóònù má lọ dún pé ọkọ ti jábọ́? Bàbá fẹ́ràn mi. Ẹni tó fẹ́ràn mi ló sọ pé rárá, ìyẹn ló sì mú kó le. Ní ọjọ́ kejì ó sọ fún Alángbá pé, "Má tíì sọ̀ kalẹ̀. Fún mi ní oṣù mẹ́ta."

Oṣù mẹ́ta náà pé, bàbá ò yẹsẹ̀. Àǹtí lọ, Àǹtí bọ̀, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ jẹ. Níkẹyìn ló fi ìbínú sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń kọ̀ tẹ́ ẹ ò rí rí. Ẹ lọ bá a, kí ẹ sọ ọ́ fún un lójú. Ẹ má fi 'rárá' rán mi mọ́." Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá lára.

Ní ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, ìlẹ̀kùn lífìtì ṣí ní òkè, àlejò mẹ́rin jáde. Ẹnì kan ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ó di irin mú, ó sì pa ojú dé. Bàtà iṣẹ́ àtijọ́ ló wọ̀, èyí tí Wolọ́hùn-ún kò rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí.

"Ṣé a ti dé?" bàbá bi í láìla ojú.

"A ti dé, Bàbá."

"Ọmọkùnrin náà dà?"

Òrùlé ni Alángbá wà. Wọ́n gun àtẹ̀gùn kúkúrú, wọ́n sì bá ariwo níbẹ̀. Ẹnìkejì Alángbá ṣàìsàn, kò wá, ẹlòmíràn tó mọ okùn ò sì sí nítòsí. Ọ̀gá wọn, tí kò so okùn rí láyé rẹ̀, ń na ọwọ́ sókè-sódò. "Àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́sàn-án! O ti so okùn, ó dáa, o mọ̀ pé ó dáa. Sọ̀ kalẹ̀!"

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni ò tíì wò ó."

"Èmi wò ó! Wò ó, mo ti wò ó!"

"Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń wò," Alángbá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bí ẹ bá ní kí n máa lọ sílé, màá lọ. Àmọ́ n ò ní sọ̀ kalẹ̀."

"Ó dáa, máa lọ sílé! Má sì padà!"

Alángbá tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bẹ́líìtì rẹ̀. Ìgbà yẹn ló rí Wolọ́hùn-ún, tó sì rí àgbàlagbà tó dúró tì í. Ó mọ ẹni tó jẹ́. Ó tẹrí ba. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú pé irú ọjọ́ báyìí lẹ bá."

Bàbá ò kí i padà. Ó rìn lọ síbi tí wọ́n so okùn mọ́ irin, ó sì dúró síbẹ̀.

"Bàbá, àlejò ò gbọdọ̀ débí yìí," ọ̀gá wí.

"Irin tó o dúró lé yìí, èmi ni mo so ó," bàbá fèsì. Ó kúnlẹ̀ ti okùn náà. Ó di kókó okùn mú. Ó fà á, ó yí i, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Tú u."

"Ṣé kò dáa ni, sà?"

"Ó dáa. Tú u, kó o tún un so lójú mi."

Alángbá tú u, ó tún un so. Bàbá ní kó tú u lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló so ó, kò kùn. Ọ̀gá ń wo aago, ó ní bó bá ti so ó tán, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Alángbá dúró ní etí òrùlé, ó gbójú sókè.

"Bàbá, ṣé ẹ ti wò ó?"

Bàbá ò kánjú. Ó tún fọwọ́ kan kókó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Mo ti wò ó."

"Mo dúpẹ́, sà." Alángbá sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá jókòó sílẹ̀ gẹ́rẹ́ ti okùn náà, ó gbé ọwọ́ lé e. Wolọ́hùn-ún jókòó tì í.

"Ohun tí ọ̀rẹ́ mi náà bi mí nìyẹn," bàbá wí. "Wọ́n ti lu agogo oúnjẹ. Ebi ń pa mí. Ó ní, 'Ṣé o ti wò ó?' Mo ní, 'Mo ti wò ó.' N kò wò ó. Ó ní, 'Mo dúpẹ́,' ó sì sọ̀ kalẹ̀. N kò tíì dé ìdí oúnjẹ tí mo fi gbọ́ igbe." Ó nu ojú. "Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé, èmi ló sọ ọ́ fún. Báwo ni mo ṣe tún fẹ́ gba ọpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọmọ mi?"

Ọpẹ́ kún ẹnu Wolọ́hùn-ún, pé bàbá wá, pé bàbá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó kàn gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà lé okùn. Wọ́n jọ ń gbọ́ bí ó ṣe ń mì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni bàbá fi jókòó níbẹ̀. Wọ́n lu agogo oúnjẹ, kò dìde. Wolọ́hùn-ún bu omi wá, bàbá ní kó gbé e sílẹ̀ ná. Ìgbà tí akoto pupa yọ tí Alángbá fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ òrùlé ni bàbá tó mu omi náà, ó sì mu ún tán.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un wọ yàrá ìwòran. Ó rìn lọ síbi gíláàsì. "Ṣọ́ọ̀bù mi dà?" ló bi ọmọ rẹ̀, bíi gbogbo àlejò.

"Ẹ wò lọ́hùn-ún, Bàbá. Lẹ́yìn igi méjì yẹn."

Ó wò ó pẹ́. "Ó kéré," ló wí. Ó tún súnmọ́ gíláàsì. "Àbàwọ́n wà níbí. Ẹ̀yin méjèèjì ò lè nu nǹkan ni?"

"Àárín ló wà!" àwọn méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé àwọn àlejò yíjú.

Kò sọ "bẹ́ẹ̀ ni" lọ́jọ́ náà, kò sì sọ "rárá". Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yí àga rẹ̀ padà kó kọjú sí ilé gogoro náà. Àǹtí rí àga náà, ó sáré lọ ra aṣọ ìgbéyàwó.

Ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó, akọ̀wé ka ìwé rẹ̀ títí ó fi dé ibi tó ń ba gbogbo ènìyàn lẹ́rù: "Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tó mọ ìdí tí àwọn méjèèjì yìí kò fi gbọdọ̀ fẹ́ra?" Àga dún lẹ́yìn. Bàbá ti dìde. Àǹtí di báàgì mọ́ àyà. Akọ̀wé gbé bírò sókè, kò mọ ohun tó yẹ kó kọ.

Alángbá nìkan ló yé. Ó yíjú sí àgbàlagbà náà, ó sì bi í bí wọ́n ṣe ń bi ara wọn lórí òrùlé. "Bàbá, ṣé ẹ ti wò ó?"

"Mo ti wò ó," bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì là ketekete.

"Mo dúpẹ́, sà."

Ojú bàbá le bí ó ṣe máa ń le. Wolọ́hùn-ún dúró de ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ láti kékeré, pé kó máa lọ sílé. Bàbá wo ọkọ ọmọ rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Mo gbà á," ló wí, ó sì jókòó.